Orúkọ Tí Wọn Kò Fún Ọmọ

Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìtàn ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà kì í gùn. Wọ́n á ní ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ òkun lọ nígbà ogun Hítílà, kò sì dé mọ́. Wọ́n á ní nígbà tó pẹ́, tí kò sí ìròyìn, ẹbí ní kí bàbá mi àgbà ṣú u lópó. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó gba ìlú àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ, ní Odígbó. Ẹni tó ń sọ ọ́ á wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó fi kún un pé: "Kò lè dúró." Gbólóhùn yẹn ni mo gbọ́ dàgbà nípa obìnrin náà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí pé ibo ni wọ́n fẹ́ kó dúró sí.

Ọmọ tó pọ̀n lọ ṣì wà láyé. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ìyá Odígbó ni a ń pè é nílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ti fojú kàn án nínú wa kò ju méjì lọ. Òun ni mo ń lọ kí. Mo di ìwé kan sínú àpò tí mo ti ń kọ láti ọ̀pọ̀ oṣù: orúkọ àwọn ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool nígbà ogun, ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rì, àti ibi tó rì sí. Lọ́kàn mi, bàbá rẹ̀ ni mò ń gbé lọ fún un.

Ore ni mo ti kọ́kọ́ sọ̀. Oríta ńlá ni. Máròsẹ̀ tó ti Èkó wá ń kọjá lọ sí Ìbíní, ọ̀nà Oǹdó yà gba òkè, ọ̀nà Òkìtìpupa sì gba ìsàlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán tí àwọn ọlọ́jà ti yí i ká, tí wọ́n ń na ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìgbín àti ẹran ìgbẹ́ tí iná ti yan dúdú sójú fèrèsé. Mo gbọ́ Ìgbò, mo gbọ́ Ùròbò, mo gbọ́ Ẹ̀bìrà, mo gbọ́ Ìkálẹ̀ lẹ́nu ọmọdé méjì tí wọ́n ń du omi inú ọ̀rá mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí àlejò bá dé, ohun tí a máa ń bi í ni pé ilé ta ló ń lọ. Ní Ore, ìlú tí o ń lọ ni wọ́n ń béèrè. Wọn kò retí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ dúró.

Bàbá kan jókòó ti igbá obì létí gáréèjì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ra obì, mo sì bi í bóyá àgbà tó rántí ogun ṣì wà ládùúgbò.

"Ogun wo? Ṣé Ó le kú ni?"

Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yẹn. Ó le kú, ìjà Ore. Bí ọjà bá le, bí ìdánwò bá le, bí epo mọ́tò bá wọ́n, ohun tí à ń wí l'Ékòó nìyẹn, èmi náà sì ti wí i àìmọye ìgbà láìrántí pé ènìyàn kú níbẹ̀. Ní August 9, 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá odò Ọya wọ Mid-West, wọ́n gba Ìbíní lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì kọrí sí ìhà Èkó lábẹ́ Victor Banjo, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ore ni ìrìn wọn mọ. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Ìbíní padà ní September 20. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà, àwọn tó rán Banjo níṣẹ́ yìnbọn pa á ní Enugu. Bàbá olóbì nawọ́ sí ibi tí àwọn ọkọ̀ agbépo dúró sí. Ó ní ibẹ̀ yẹn gan-an ni òun ti kọ́kọ́ rí òkú tí kò ní ẹni tó máa sin ín.

"Ogun Hítílà ni mò ń bi yín, bàbá."

"Ìyẹn ò dé ìhín. Orí omi nìyẹn ti jà."

Mo gbà fún un. Èrò tèmi náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ òkun, ti Èkó ni, igbó ni tiwọn.

Ilé oúnjẹ tí mo wọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí mọ́ mi lọ́wọ́. Púpurú ni wọ́n gbé síwájú mi. Ẹ̀bà ni wọ́n fi tọ́ wa lọ́dọ̀ wa, nítorí náà mo ń wò ó. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ rí ojú mi, ó sì jókòó tì mí láti ṣàlàyé. Ẹ̀gẹ́ ni, ó ní. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n roboto bí orí ọmọ jòjòló, wọ́n á wá gbé e sórí àjà iná kí èéfín yan án. Ara rẹ̀ á dúdú bí èédú. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni a ó ha dúdú náà kúrò; inú rẹ̀ funfun. A ó gún un, a ó kù ú, a ó rò ó nínú omi gbígbóná. "Ó máa ń pẹ́ nílé," ó ní. Òórùn èéfín ṣì wà nínú rẹ̀ bí mo ti ń gbé e mì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti rò lọ.

Ẹja ọbẹ̀ náà, etí omi Ìlàjẹ ló ti wá. Òkun wà nínú abọ́ mi láàárín igbó. Mo wá ronú pé bí òkun ti ń wá síbí náà ni igbó ti ń lọ bá òkun. Láyé ogun Hítílà, gẹdú tí wọ́n gé nínú igbó báwọ̀nyí, odò àti ọ̀sà ni wọ́n fi ń léfòó dé Èkó, tí ọkọ̀ á gbà á lọ. Èkùrọ́ tí àwọn obìnrin fi òkúta pa lẹ́yìnkùlé, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òyìnbó ló ń dé. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Màláyà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, epo pupa àti èkùrọ́ wa ni Gẹ̀ẹ́sì tún gbójú lé. Kí Màláyà tó bọ́ pàápàá ni àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ti ń ṣọ́ ọ̀nà Freetown àti Èkó. Ní May 1941, ọ̀kan nínú wọn, U-69, wá rì bọ́ǹbù sí ẹnu òkun Èkó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi àgbà kò ru ẹrù ogun kankan. Èkùrọ́ ló ń bá lọ, èkùrọ́ tó ṣeé ṣe kí ìyá ìyàwó rẹ̀ ti pa nínú rẹ̀.

Bàbá olóbì sì ní ogun náà kò dé ìhín. Nígbà tí mo bi obìnrin olóúnjẹ bóyá ìyá rẹ̀ máa ń sọ nípa ogun Hítílà, iyọ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní ìyá òun kì í da iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, títí ó fi kú, nítorí ọdún tí iyọ̀ wọ́n.

Ojú ọ̀nà Oǹdó ni Odígbó wà. Bí a ti kúrò ní Ore, ariwo dínkù, igi kòkó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ìyá Odígbó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onípákó. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dárúkọ bàbá mi. Kò yé e. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ìyá mi fún."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn fi mí sí àyè mi, bí àgbà ti í ṣe, ó sì ní kí wọ́n gbé omi wá.

Yorùbá tí mo lè gbọ́ ló ń bá mi sọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, ahọ́n rẹ̀ á padà sílé: igbó á di "ugbó", iṣu á di "uṣu", ọmọbìnrin rẹ̀ á sì bá mi tún un sọ. Ó ní ìyá òun kò sá. Ẹbí pè é jókòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ó ti tó gẹ́ẹ́, kó wọ aṣọ opó, kí wọ́n fi í fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ìyá òun bi wọ́n pé: "Ta ló kú? Ta ló rí òkú rẹ̀?" Kò sí òkú. Kò sí lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ kò ránṣẹ́ kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní ogun ni, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ̀ ń rì.

"Ìyá mi ní, 'Bí mo bá wọ aṣọ opó, èmi ni mo pa á.' Ló bá gbé mi pọ̀n."

Ohun tí wọ́n fi ń pè é ní ẹni tí kò lè dúró nìyẹn. Dídúró ni obìnrin náà lọ ṣe. Ilé wa ni kò fi í sílẹ̀ kó dúró.

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìyá Odígbó sì ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kì í ṣe nípa ikú bàbá rẹ̀ bí kò ṣe nípa ayé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ìyá rẹ̀, nítorí ọmọ ọwọ́ lòun fúnra rẹ̀ wà nígbà tó rí i kẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ń da èédú sí iná ọkọ̀. Apá rẹ̀ kún fún àpá iná. Bó bá wálé, kì í lè sùn bí ilé bá dákẹ́, nítorí ariwo ẹ̀rọ ti mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ̀ á ní kí wọ́n máa gún nǹkan nínú odó lẹ́yìnkùlé kó lè rí oorun sùn. Ó fẹ́ràn kó máa fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ìgbà tó dé kẹ́yìn, ogun ti le, iyọ̀ ti wọ́n, ó sì mú iyọ̀ bọ̀ nínú àwo tánganran aláwọ̀ búlúù kan tó ní ìdérí. Wọ́n jẹ iyọ̀ náà tán. Àwo náà nìyí. Ó ní kí n gbà á mú. Etí rẹ̀ ti já níbi mẹ́ta, ipata ti gba ìdí rẹ̀, ó sì fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ.

Mo wá mú ìwé mi jáde. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Mo kà á fún un díẹ̀díẹ̀. Accra, tí ọkọ̀ abẹ́ omi rì ní July 26, 1940. Bassa, ní September 29 ọdún kan náà, ẹni àádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan kò yè. Apapa, tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí ní November. Adda, nítòsí Freetown, ní June 1941. Abosso, October 29, 1942: 393 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, 362 ló bá a lọ, ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀. New Toronto, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò jìnnà sí Kutọ́nu. Henry Stanley, tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní December 1942. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló yè é, nítorí àwọn Jámánì mú un lẹ́rú kí gbogbo àwọn yòókù tó ṣègbé. Ilorin, ọkọ̀ kékeré, ní September 1 ọdún kan náà, létí òkun Gold Coast.

"Ilọrin?" ó ní. "Ìlú Ilọrin?"

"Orúkọ ọkọ̀ ni, mà. Ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, Elder Dempster, máa ń fi orúkọ ìlú wa sọ ọkọ̀ wọn."

Ó dákẹ́. Ó yí àwo náà lẹ́ẹ̀kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Orúkọ ìlú ló wà nínú ìwé rẹ. Orúkọ bàbá mi ńkọ́?"

Kò sí níbẹ̀. Mo sọ fún un pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Tower Hill, wọ́n kọ orúkọ àwọn atukọ̀ ọjà tí kò ní sàréè yàtọ̀ sí òkun, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjìlá ti ogun àkọ́kọ́ àti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ti èkejì, ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àti pé àwọn ènìyàn wa láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Mo sọ fún un pé mo ti wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é nílé kò di dandan kó jẹ́ èyí tí akọ̀wé ọkọ̀ kọ sílẹ̀. Nígbà náà, orúkọ tí òyìnbó bá lè pè ni ọ̀pọ̀ atukọ̀ wa fi ń gba iṣẹ́, owó tó sì kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń gbà wọ́n. Mi ò wá sọ fún un pé títí di May 1941, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá rì ni owó oṣù atukọ̀ ń dáwọ́ dúró, ìbáà jẹ́ pé ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́wọ́. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé náà. Mo fò ó.

Lálẹ́, ọmọkùnrin rẹ̀ kẹta ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ilé ìlagi kan ní Ore ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹ̀fun igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé Túndé lórúkọ rẹ̀, mi ò fura sí nǹkan kan. Nínú ilé mẹ́wàá l'Ékòó, Babátúndé á wà nínú mẹ́jọ. Màmá rẹ̀ ló wò mí, ó sì ní, "O ò bi wá pé èwo ni bàbá tó tún dé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi dìde jókòó. Kí bàbá tó tún dé, ó gbọ́dọ̀ ti lọ. Ilé tó bá pe ọmọ ní Babátúndé ti gbà pé ẹnì kan ti kú. Bọ̀ọ̀dá Túndé ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì tí wọ́n ti bí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́kọ́, gbogbo ilé ti ń mú Babátúndé bọ̀ lẹ́nu, ìyá àgbà ló dìde tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Nígbà tí wọ́n bí èkejì, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ òun kò lọ níbì kan, ó ní. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

August 1967 dé. Ìró ìbọn ń ti Ore wá, Odígbó kó sínú oko. Wọ́n wà ní abà kan tí òjò ń jò sí nígbà tí Ìyá Odígbó bí ọmọkùnrin kẹta. Àgbà náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà abà lóru, ó ń gbọ́. Kò gbọ́ ìró ogun rí. Láti nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ogun jẹ́ létí rẹ̀, ohun tí àwọn kan lọ ṣe tí wọ́n á sì padà. Ní òru ọjọ́ kẹta, ó bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí Ìyá Odígbó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa:

"Bó bá rí báyìí lórí ilẹ̀ tí a ti lè sá wọ ugbó, ibo ni wọ́n ń sá wọ̀ lórí omi?"

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí kò sí oyin, tí kò sí obì, tí ó jẹ́ omi àti iyọ̀ díẹ̀ nìkan ló wà, òun fúnra rẹ̀ ló gba ọmọ, tó pè é ní Babátúndé. Ó sì ní kí wọ́n wá aṣọ dúdú fún òun. Ọjọ́ tí ọmọ gba orúkọ ni ìyá àgbà di opó. Inú abà yẹn ló ti ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, tí ìbọn ogun mìíràn ń dún lẹ́yìn igi.

Mi ò sùn dáadáa. Ilé náà dákẹ́ jù, èmi tí ariwo Èkó mọ́ lára. Mo ń ro ti ilé wa, tí wọ́n ti pa ẹran sàráà fún ọkùnrin kan náà tipẹ́tipẹ́, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n sì pín aṣọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí à ń ṣe bí ẹni ẹni bá kú sí ìdálẹ̀: irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé, kí ilẹ̀ lè rí nǹkan gbà. Òkun kì í fi irun ránṣẹ́. Nígbà tí kò sí irun, kò sí èékánná, ilé wa sin ọ̀rọ̀ ẹnu. Obìnrin yẹn kò sì rí ohun tó lè sin, ó ń ṣọ́ orúkọ. Ó ṣọ́ ọ títí ogun fi wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un.

Láàárọ̀, mo fẹ́ fi ìwé náà sílẹ̀ fún Ìyá Odígbó. Ó ní kí n mú un lọ, kí n lọ kà á fún àwọn ará ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n sì fi ohun tí òun sọ kún un. Ó bu púpurú méjì fún mi, ó wé e. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Bọ̀ọ̀dá Túndé sìn mí dé Ore. Bàbá olóbì ṣì jókòó síbi tí mo bá a. A dúró de ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn gẹdú tí wọ́n tò jọ, omi igi ń ro lára wọn. Ó ní òun kò rí òkun rí. Ti Ìlàjẹ kò jìnnà, ìpínlẹ̀ kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn kọ́ lílúwẹ̀ẹ́, òun sì ti dàgbà tán kí òun tó mọ ìdí.

"Ibi tí ẹ ń gbé, ṣé ó jìnnà sókun?"

Mo ní kò jìnnà.

Agbèrò ń pariwo Èkó, ó ku ẹnì kan. Bọ̀ọ̀dá Túndé ti ẹrù mi sábẹ́ àga, ó sún mọ́ fèrèsé, ó sì fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi ya á. Ẹ má ya èèyàn mọ́ ọn o. Omi yẹn nìkan ni kí ẹ yà."